Kí Òjò Má Baà Tẹ Táǹkì Yín Wọnú: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìwọ̀n Fáàfù Èémí

Ẹ wá ike omi onílítà kan àbọ̀ kan. Ẹ bu omi gbígbóná sí i dé ìdajì, ẹ mì í dáadáa, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì dé e pinpin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ wá gbé e sábẹ́ omi tútù. Kó tó pẹ́, ike yẹn á rún wọnú bíi pé ọwọ́ kan tí ẹ ò rí gbá a mú. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló tutù tó sì sún kì, ti ìta ò sì rọ́nà wọlé dípò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń rí fún táǹkì dísẹ́ẹ̀lì ní Abẹ́òkúta lọ́sàn-án oṣù kẹrin, nígbà tí oòrùn ti yan òrùlé rẹ̀ láti àárọ̀, tí àkọ́rọ̀ òjò wá ya lù ú lójijì.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Táǹkì tó gba lítà 50,000 ni, wọ́n sì ń fi pọ́ǹpù fa epo inú rẹ̀ sínú tánkà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. A ti sá sábẹ́ ìbòòrùn. A kàn gbọ́ "gbọ̀ǹgà!" lẹ́ẹ̀kan, ó tún dún lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a máa fi yọjú, ẹ̀gbẹ́ táǹkì ti jìn wọnú bí agolo mílíìkì tí ọmọdé fẹsẹ̀ tẹ̀. Ohun tó fi ń mí ò ju páìpù ínṣì méjì kan lọ, èyí tí wọ́n tẹ ọrùn rẹ̀ kọ́dọrọ́ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, eruku ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta sì ti dí nẹ́ẹ̀tì ẹnu rẹ̀ dé ìdajì. Mo bi wẹ́dà tó kọ́ ọ pé báwo ló ṣe mú ínṣì méjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, páìpù tó ń gbé epo wọlé ni ínṣì méjì. Èmi náà ṣáà fi ínṣì méjì sí i." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ohun tó ń mú táǹkì mí

Nǹkan márùn-ún ni. Tí pọ́ǹpù bá ń da epo sí i, afẹ́fẹ́ tó wà lórí epo gbọ́dọ̀ jáde. Tí pọ́ǹpù bá ń fà á, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé dí àyè rẹ̀. Oòrùn á mú un mí síta, òjò tàbí òtútù òru á mú un mí sínú. Ìkarùn-ún ni iná, bí nǹkan bá ń jó lábẹ́ rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Fáàfù èémí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní brídà, ló ń gbé mẹ́rin àkọ́kọ́. Ìlẹ̀kùn méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń jẹ́ kí táǹkì mí síta, èkejì ń jẹ́ kó mí sínú. Mímí síta ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, torí wọ́n rò pé táǹkì á bẹ́. Ní tèmi, ìlẹ̀kùn àmísínú ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣírò. Èyí tí mo ti rí tó rún wọnú pọ̀ ju èyí tó bẹ́ lọ.

Ìwé tí iṣẹ́ yìí dúró lé ni API 2000 ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀dà keje rẹ̀ tó jáde ní 2014, àti ISO 28300 ti 2008 tó jọ ọ́ bí ìbejì. Gbogbo ìlànà ìṣirò tí mo máa lò láti ibẹ̀ ni. Bí táǹkì yín bá jẹ́ ti epo rọ̀bì tàbí ohun tí wọ́n yọ lára rẹ̀, àjọ NMDPRA, tí òfin ilé-iṣẹ́ epo ti 2021 dá sílẹ̀, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ló sì yẹ kó fọwọ́ sí ìṣirò yín kí ẹ tó ra ohunkóhun. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe é fúnra yín, kí ẹ lè mọ̀ bí ohun tí wọ́n gbé wá fún yín bá jóòótọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ohun tí táǹkì lè gbà mọ́ra

Ẹ wá pátákó irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara táǹkì. Ẹ lè ní láti fi àkísà àti kẹrosíìnì nu kùn kúrò lójú rẹ̀, torí àwọn akùnlé ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ara irin yòókù. Nọ́ńbà méjì ni ẹ ń wá: prẹ́ṣọ̀ (agbára tó ń tì í) tó lè gbà síta àti fákúùmù (agbára tó ń fà á) tó lè gbà sínú.

Bí wọ́n bá fi ìlànà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, BS 2654, kọ́ ọ, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí (mílíbáà ni wọ́n fi ń wọn prẹ́ṣọ̀ náà): mílíbáà 7.5 síta àti 2.5 sínú, 20 síta àti 6 sínú, 56 síta àti 6 sínú. Bó bá jẹ́ ìlànà Amẹ́ríkà, API 650, tí wọn ò sì kọ nǹkan kan pàtó, ẹ kà á sí mílíbáà 2.5 péré sínú. Síta ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ ju ohun tó máa gbé irin òrùlé sókè lọ. Irin òrùlé tó nípọn mílímítà 5 wúwo tó bíi kílò 39 lórí mítà kan níbùú lóròó, prẹ́ṣọ̀ mílíbáà 3.9 sì ti lè gbé e. Bí ìpẹtà bá ti jẹ irin náà dé mílímítà 3, mílíbáà 2.3 ti tó. Nítorí náà, fún táǹkì àgbà tí pátákó rẹ̀ ti sọnù, ẹ ní kí wọ́n wọn sísanra òrùlé ná kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú wo mílíbáà 2.5 yẹn. Tí ẹ bá ń fi sítúrọ́ọ̀ mu sóbò, tí sóbò náà gun sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kó tó dé ẹnu yín, mílíbáà mẹ́wàá ni ẹnu yín fi fà á. Ìlọ́po mẹ́rin ohun tí táǹkì yẹn lè gbà nìyẹn. Síbẹ̀, mílíbáà 2.5 lórí òrùlé táǹkì tó fẹ̀ ní mítà 8 tó tọ́ọ̀nù kan ó lé, bíi kí wọ́n gbé mọ́tò Corolla kan lé e lórí. Agbára kékeré lórí ara ńlá ni, ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyẹn.

Fún ìyókù iṣẹ́ yìí, táǹkì àpẹẹrẹ wa fẹ̀ ní mítà 8, ó ga ní mítà 10, ó gba 500 m³, ìyẹn lítà 500,000. Dísẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀. Pátákó rẹ̀ ní mílíbáà 20 síta, 6 sínú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ti pọ́ǹpù

Èyí ò le. Ẹ ka gbogbo pọ́ǹpù tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe èyí tó sábà máa ń ṣiṣẹ́. Níbi táǹkì tiwa, tánkà méjì lè jọ máa já epo, pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan sì ń gbé 60 m³ ní wákàtí. Bẹ́ẹ̀ ni tánkà onílítà 33,000 ṣe ń tán láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ohun tó ń wọlé di 120. Ohun tó ń jáde jẹ́ 80.

Fún mímí sínú, bí pọ́ǹpù bá fa 80 jáde, afẹ́fẹ́ 80 ló gbọ́dọ̀ wọlé. Fún mímí síta, dísẹ́ẹ̀lì kì í tètè fẹ́, ìyẹn ni pé kì í tètè di èéfín, 120 wọlé, 120 jáde. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bẹntiróòlù, tàbí ẹtánọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ìyẹn ohunkóhun tí agbára èéfín rẹ̀ bá ju kílópáskà 5 (mílíbáà 50) lọ nínú ìgbóná tí ẹ fi ń tọ́jú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 240. Epo bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ bó ṣe ń wọlé, èéfín rẹ̀ sì ń kún ohun tó fẹ́ jáde.

Ẹ tún bi àwọn awakọ̀ tánkà bóyá wọ́n máa ń fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ìyókù epo inú họ́ọ̀sì wọlé. Wọ́n á kọ́kọ́ sẹ́. Tó bá jẹ́ òótọ́, afẹ́fẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò síta, tàbí kí ẹ dá wọn lẹ́kun rẹ̀ pátápátá. Èyí tí mo fara mọ́ ni kí ẹ dá wọn lẹ́kun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ti oòrùn àti òjò

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Fún oòrùn, tó ń mú táǹkì mí síta: ẹ mú ohun tí táǹkì gbà ní m³, ẹ gbé e sí agbára 0.9, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.32. Nọ́ńbà 0.32 yẹn jẹ́ ti ibi tí kò tó digíríì 42 sí ìlà agbedeméjì ayé. Digíríì 7 ó lé díẹ̀ ni Abẹ́òkúta wà, ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀.

Fún òjò, tó ń mú un mí sínú: ẹ gbé e sí agbára 0.7, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 6.5. Ìwé náà fún àwọn kan láyè láti lo 4 dípò 6.5, bí epo wọn kò bá ń fẹ́ ju hexane (kẹ́míkà kan tó ń tètè di èéfín) lọ, tí ìgbóná epo náà kò sì tó digíríì 25. Ta ni epo rẹ̀ kò tó digíríì 25 ní Abẹ́òkúta? 6.5 ni tiwa.

Bí ẹ ò bá mọ bí a ṣe ń ṣe "agbára 0.7", ẹ ṣí ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín, ẹ yí fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn bọ́tìnì yòókù lè jáde. Ẹ tẹ 500, ẹ tẹ bọ́tìnì xʸ, ẹ tẹ 0.7, kí ẹ wá tẹ ìbáàmu (=). Ẹ máa rí 77.5. Lọ́nà 6.5, ó di 504. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú 0.9, ẹ máa rí nǹkan bí 269, lọ́nà 0.32, ó di 86. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí jẹ́ m³ afẹ́fẹ́ ní wákàtí, bí ẹni pé a wọ̀n ọ́n ní digíríì 0. Ìlànà yìí wà fún táǹkì tí wọn ò fi ohun kankan bò lára. Èyí tí wọ́n bá wé ní aṣọ amóoru-dúró máa ń ní ìdínkù tirẹ̀ nínú ìwé.

Ṣé ẹ rí i? Oòrùn ń béèrè 86, òjò ń béèrè 504. Òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà oòrùn. Oòrùn ń rọra yan táǹkì láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, àmọ́ òjò Ẹ̀gbá kì í rọra ṣe tirẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, irin tí ẹ ò lè fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀ á ti tutù, afẹ́fẹ́ inú á sì sún kì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ lè bá ẹni tó máa sọ pé òun ò mọ irú nọ́ńbà ńlá báyìí. Òótọ́ ló ń sọ. Ọ̀nà àtijọ́, tó ṣì wà ní àfikún ìwé API 2000, kò béèrè ju 0.169 lórí m³ kọ̀ọ̀kan fún táǹkì tí kò ju 3,180 m³ lọ. Fún táǹkì 500 m³, nǹkan bí 84 nìyẹn. Àmọ́ ọ̀nà yẹn ní àdéhùn tirẹ̀: ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé ìgbóná afẹ́fẹ́ abẹ́ òrùlé kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi digíríì 49 lọ. Ẹ gbé tẹmómítà sábẹ́ òrùlé irin tí wọn ò kùn ní funfun, lọ́sàn-án oṣù kejì, kí ẹ tó sọ fún mi pé ẹ fẹ́ lo ọ̀nà àtijọ́.

Ẹ tún kíyè sí i pé táǹkì kékeré ń mí ju bí ara rẹ̀ ṣe mọ lọ. Táǹkì 50 m³, ìdá mẹ́wàá tiwa, ń béèrè 100 lọ́wọ́ òjò, ìyẹn ìdá márùn-ún. Ẹ wá padà sí táǹkì tó rún lójú mi. Òjò ń béèrè 100, pọ́ǹpù ń fa 60, àpapọ̀ rẹ̀ 160. Páìpù ínṣì méjì, ní mílíbáà 2.5, kò lè gbé ju nǹkan bí 90 lọ bí nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá mọ́ tónítóní. Bí eruku bá wá dí ìdajì rẹ̀ ńkọ́? Kódà ká ní wọ́n pa pọ́ǹpù, òjò nìkan ì bá ti tẹ̀ ẹ́. Wẹ́dà ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣìṣe. Páìpù epo ló wọ̀n, òjò ò sì gba inú páìpù epo wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ro ó pọ̀

Sínú: 80 ti pọ́ǹpù àti 504 ti òjò, 584. Síta: 120 àti 86, 206. Ẹ má yọ ohun tó ń wọlé kúrò nínú ohun tó ń jáde torí pé pọ́ǹpù méjèèjì máa ń jọ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá kọṣẹ́ ni ìṣirò yẹn máa já yín kulẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tiwa gbóná ju digíríì 0 lọ, ó sì fẹjú. Ní digíríì 30, ẹ sọ 584 di ìlọ́po 1.11, ó di 648 m³ ní wákàtí. Òun ni fáàfù gbọ́dọ̀ lè gbà wọlé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yan fáàfù

Inú fáàfù èémí kò ju ìdérí ìkòkò lọ. Ẹ rántí bí ìdérí ṣe máa ń jó lórí omi tó ń hó: èéfín á gbé e díẹ̀, á jábọ̀, á tún gbé e. Ìwọ̀n ìdérí yẹn ló ń sọ ìgbà tó máa ṣí. Àmọ́ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kọ́ ló ṣí tán. Àwọn fáàfù kan ń fẹ́ kí prẹ́ṣọ̀ di ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fi ṣí kí wọ́n tó lanu tán. Àwọn mìíràn ti ń lanu tán ní ìdá mẹ́wàá péré lórí ohun tí wọ́n fi ṣí. Ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè yẹn kí ẹ tó bi í ní iye owó.

Bó bá jẹ́ irú àkọ́kọ́, fún táǹkì tiwa, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní mílíbáà 3 sínú, kó lè lanu tán ní 6. Síta, 10 kó lè tán ní 20. Bó bá jẹ́ irú kejì, ẹ lè gbé ti inú dé 5.4, torí ìdá mẹ́wàá lórí rẹ̀ kò tíì kọjá 6. Irú kejì wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣí fún ohun tí kò tó nǹkan, epo tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ á sì dínkù. Fún dísẹ́ẹ̀lì, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ náwó yẹn. Fún bẹntiróòlù, ẹ ná an.

Ìwọ̀n ihò wá kù. Ìlà inú ìwé ẹni tó ṣe fáàfù, èyí tó ń fi iye afẹ́fẹ́ tó ń gbé ní prẹ́ṣọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn, ló máa dájọ́, àmọ́ ẹ lè kọ́kọ́ fojú bù ú báyìí. Ní mílíbáà 6, afẹ́fẹ́ ń sáré tó mítà 32 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú ihò ínṣì 4, bí ohunkóhun ò bá dí i lọ́nà, nǹkan bí 894 m³ ní wákàtí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ́rọ̀ pọ̀ nínú fáàfù, ìdérí sì dábùú ọ̀nà, mo máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po 0.4. Ó kù 358. Kò tó 648. Ínṣì 6 ńkọ́? 2,012 lọ́nà 0.4 jẹ́ 805. Ó tó. Síta, ínṣì 6 yẹn kan náà ní mílíbáà 20 máa gbé ju 1,400 lọ, nígbà tí 206 péré là ń wá, kò tiẹ̀ yẹ ní ríronú lé.

Ẹnì kan á ní kí ẹ fi fáàfù ínṣì 4 méjì sí i, 358 lọ́nà méjì jẹ́ 716, ó ṣáà tó. Bẹ́ẹ̀ ni, títí di ọjọ́ tí ọ̀kan bá dí. Ínṣì 6 méjì ni mo máa ń fi sí i, kí ọ̀kan ṣoṣo lè dá gbé ẹrù náà. Owó ni, mo mọ̀. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan iye tí táǹkì tuntun ná wọn.

Bó bá jẹ́ bẹntiróòlù tàbí ẹtánọ́ọ̀lù, wọ́n á ní kí ẹ fi asẹ́ tó ń dá iná dúró sí ìdí fáàfù. Asẹ́ yẹn ń mú lára èémí táǹkì. Ẹ gba ìlà fáàfù àti asẹ́ pa pọ̀ lọ́wọ́ olùtajà, ẹ má ka ti fáàfù nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ti iná

Fáàfù èémí kò lè gbé ti iná, ẹ má wulẹ̀ béèrè é lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdérí pàjáwìrì ńlá kan ló ń ṣe é, irú èyí tí ìwúwo ara rẹ̀ dì mọ́lẹ̀, tí inú táǹkì á tì sókè.

Ẹ ṣírò ara táǹkì tí iná lè lá. Fún táǹkì tó dúró, gíga tó kan ìṣirò kò ju mítà 9.14 láti ilẹ̀ lọ. Tiwa: 3.14 lọ́nà 8 lọ́nà 9.14, nǹkan bíi mítà 230 níbùú lóròó. Fún èyí tó bá ju 260 lọ, tí prẹ́ṣọ̀ táǹkì náà kò sì ju mílíbáà 70, ìwé náà fẹnu kò sí 19,910 m³ ní wákàtí. Tiwa kéré sí i díẹ̀, àmọ́ mo máa ń mú 19,910 náà. Ní mílíbáà 20, ihò ínṣì 20 kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o ni. Ínṣì 24 ló ń jẹ́ kí n sùn. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lókè ibi tí fáàfù èémí ti ń ṣí, kó sì lanu tán kí táǹkì tó dé 20.

Àwọn kan á ní ojú ibi tí wọ́n ti wẹ́ òrùlé mọ́ ara táǹkì á já fúnra rẹ̀ bí iná bá dé, kò pọn dandan láti ra ìdérí. Ó ń rí bẹ́ẹ̀ fún táǹkì ńlá tí wọ́n dìídì kọ́ fún un. Fún èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mítà 15, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè já ṣáájú òrùlé. Ẹ ra ìdérí.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbé e sórí, kí ẹ sì máa yọjú sí i

Ibi tó ga jù lórí òrùlé ni kí ẹ gbé e sí, kó dúró ṣánṣán. Fáàfù tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdérí rẹ̀ ò ní jókòó dáadáa. Ẹ má fi fáàfù ìtìpa kankan sí abẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ó máa rọrùn láti tú u fọ̀. Ó tún rọrùn láti gbàgbé rẹ̀ ní títì.

Ẹ mú fáàfù kúrò lórí fíláńjì (ojú irin tí wọ́n dè é mọ́), kí ẹ tú u sórí tábìlì kí ẹ rí ìwọ̀n tí à ń sọ. Ìdérí àmísínú tó fẹ̀ ní mílímítà 200, tí wọ́n fẹ́ kó ṣí ní mílíbáà 3, kò wúwo ju nǹkan bíi kílò kan lọ. Agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé, bó bá kọ́ ilé gíráàmù 300 lé e lórí, ó ti fi nǹkan bíi mílíbáà kan kún un. Mílíbáà 3 di 4, táǹkì tí ẹ rò pé ó ń mí fàlàlà ti ń mí pẹ̀lú ìnira. Mo ti bá sípánà kan rí lórí ìdérí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ní fáàfù náà ń pariwo ju, òun fẹ́ kó dákẹ́.

Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣí níbi tó yẹ, ẹ ò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ ra mítà méjì họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìpele ilé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ìwo mààlúù, ẹ bu omi sí i dé ìdajì, ẹ so ó mọ́ pákó tí ẹ ti fi rúlà sàmì sí, kí ẹ sì so ẹnu kan mọ́ ihò kékeré lórí òrùlé táǹkì. Ẹ ní kí wọ́n máa fa epo díẹ̀díẹ̀. Gbogbo mílímítà 10 tí omi apá kan bá fi ju ti èkejì lọ, mílíbáà kan ni. Tí ìyàtọ̀ náà bá ti kọjá mílímítà 60 nínú táǹkì tiwa, ẹ pa pọ́ǹpù lójú ẹsẹ̀, fáàfù ti ń tàn yín.

Kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, kí ẹnì kan gun òkè lọ. Ọyẹ́ ti kó eruku sínú nẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta sì ti fi tirẹ̀ kún un. Kó fọ nẹ́ẹ̀tì, kó fi àkísà nu ibi tí ìdérí ń jókòó sí, kó fi ọwọ́ gbé ìdérí méjèèjì kó rí i pé wọ́n ń bọ̀ padà. Bí àwọn akùnlé bá ń bọ̀, kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń fi láílọ́ọ̀nù wé fáàfù kí kùn má baà ta sí i, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí fáàfù kankan kò lè gbà yín níbẹ̀: bí wọ́n bá fi ooru omi fọ inú táǹkì, tí òjò wá rọ̀ lé e. Ooru omi yẹn á padà di omi lẹ́ẹ̀kan náà, àyè tó máa fi sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ínṣì 6, tàbí ínṣì 12 pàápàá, lè dí lọ. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ihò ńlá tí èèyàn ń gbà wọlé, kí ẹ má sì dé e títí tí ara táǹkì á fi tutù dé inú. Mo máa ń ní kí wọ́n fi okùn so ìdérí ihò náà mọ́ ẹsẹ̀ àkàbà nísàlẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ dé e kọ́kọ́ wá bá mi.